Omi-Ò-Pani

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, ẹ jókòó. Ẹ má sọ pé màmá àgbà ti ń ṣarán. Ara mi ò yá, òótọ́ ni, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú omi, ṣùgbọ́n orí mi pé. Ọ̀rọ̀ tó há mi lọ́fun láti ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fẹ́ pọ̀ jáde lónìí, nítorí bí mo bá gbé e wọ ibojì, ibojì gan-an á pọ̀ mí. Èmi ni mo pa Aránṣọ. Kì í ṣe Akọ̀wé. Èmi ni. Mo ti kọ ọ́ báyìí, ó ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dìde kó dìde, àmọ́ ẹni tó bá dìde báyìí kò tíì gbọ́ nǹkan kan, torí pípa tí mo pa á kọ́ ló burú jù nínú ohun tí mo ṣe.

Ọmọ-ọmọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ló kọ́ mi ní a, b, d. Odindi ọdún mẹ́ta ló fi ń dì mí lọ́wọ́ mú lórí tábìlì ìjẹun. Ó rò pé ìwé mímọ́ ni mo fẹ́ máa kà kí ọjọ́ tó dé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ orúkọ ara mi tí kò wọ́, ó pàtẹ́wọ́ fún mi, ó ní, "Màmá àgbà, ẹ ti di ọmọ ilé-ìwé!" Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìwọ ọmọ yìí, má bínú sí mi. Ọ̀bẹ lo ń bá mi pọ́n o ò mọ̀. Ara mi ni mo fẹ́ fi ṣá. Ẹni tó bá rí àmì tí kò sí níbi tó yẹ, kó fojú fò ó, torí ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àmì náà ò wọ́ rárá.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ikùn kan náà ni èmi àti Akọ̀wé ti jáde, èmi ni ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan péré ni agbára àwọn òbí wa ká láti rán lọ sílé-ìwé, òun ni wọ́n mú, torí pé ó já fáfá, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Èmi tẹ̀lé ìyá wa lọ sórí òkè, à ń walẹ̀, à ń wú gbòǹgbò ewéko fún àwọn tó ń ṣe oògùn. Òun ń kàwé, èmi ń walẹ̀. Bó bá dé láti ilé-ìwé, á mú èédú, á kọ lẹ́tà sára ògiri, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, èyí tó la ẹnu gbàù yìí ni lẹ́tà ó." Màá mú àkísà tútù, màá nu lẹ́tà náà dànù. Á dúró ti ògiri, á máa wò mí. Lọ́jọ́ kejì á tún kọ ọ́. Ẹ ò rí i pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń nu àbúrò mi obìnrin yìí kúrò lára ògiri?

Nígbà tí a dàgbà, ilé iṣẹ́ kan náà ló gba àwa méjèèjì. Ọkùnrin àgbàlagbà kan ló ni ín, dókítà la ń pè é níṣojú rẹ̀, Baba Onígò la ń pè é lẹ́yìn. Irú ìwòsàn tó ń ṣe, hómíópátì ló ń jẹ́. Kò sí ẹnì kan nínú àwa òṣìṣẹ́ tó lè pe orúkọ yẹn tí eyín rẹ̀ ò ní gbára wọn. Obìnrin tó ń gbá ilẹ̀ máa ń pè é ní omi-ó-pàtì, ẹni tó ń fọ ìgò ní tirẹ̀ ń pè é ní omi-ò-patì, nígbà tó yá gbogbo wa gbà pé Omi-ò-pani ni. Lọ́jọ́ tí Baba Onígò gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò purọ́. Omi ò pani." Orúkọ ilé nìyẹn. "Níbo lo ń lọ láàárọ̀ yìí?" "Mo ń lọ sí Omi-ò-pani."

Ewéko kan wà tí mo máa ń wú fún un lórí òkè tútù. Àwọ̀ òdòdó rẹ̀ rí bí aró, ó tẹ̀ wá síwájú bí ìgbà tí èèyàn fa fìlà bojú nítorí gbèsè, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Onífìlà. Gbòǹgbò rẹ̀ rí bíi kárọ́ọ̀tì dúdú kékeré. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tẹ́tí síbí: bí ẹ bá rí i nínú igbó, ẹ yà fún un. Ó rẹwà ju òdòdó ilé lọ, ikú sì ni láti orí fìlà dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bí mo bá gbàgbé láti wọ ìbọ̀wọ́, ìka mi á kú tipiri, bí mo bá fi ọwọ́ náà kan ẹnu, ètè mi á máa ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀. Baba Onígò máa ń rẹ gbòǹgbò yẹn sínú ọtí líle nínú ìgò dúdú kan, ìgò yẹn ni a ń pè ní Ìyá. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní àgádágodo ni Ìyá ń gbé, ọrùn mi sì ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé, torí èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ mú un. Ìyá kọ́ la ń fún èèyàn mu o. Ẹ̀kán kan lára Ìyá la máa ń bù sínú ọ̀kàndínlọ́gọ́rùn-ún ẹ̀kán omi, a ó gbá ìgò náà mọ́ tìmùtìmù aláwọ nígbà ọgọ́rùn-ún, ìyẹn di ọmọ. A ó tún bu ẹ̀kán kan lára ọmọ sínú omi mìíràn, a ó gbá a lọ́gọ́rùn-ún, ìyẹn di ọmọ-ọmọ. Báyìí báyìí títí dé ìran ọgbọ̀n. Nígbà tó bá fi máa dé ibẹ̀, Ìyá ti tán pátápátá nínú rẹ̀, kódà òórùn rẹ̀ ò sí. Baba Onígò á gbé ìgò yẹn sókè sí ojú fèrèsé, á ní, "Bí ó ṣe ń kéré sí i ni agbára rẹ̀ ń le sí i." Màá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni sà. Nínú mi lọ́hùn-ún, ẹ̀rín ló ń pa mí. Mo ní, àgbàlagbà yìí, o ti ya wèrè.

Akọ̀wé ló ń kọ lẹ́bẹ́ẹ̀lì, ó jókòó lẹ́yìn pákó tó pín yàrá sí méjì. Èmi tí n ò mọ̀wé, okùn ni mo fi ń dá ìgò mọ̀. Kókó kan fún ìran kan, kókó ńlá kan fún mẹ́wàá. Okùn ti Ìyá kò ní kókó rárá. Gbígbá ìgò yẹn ló pa apá mi. Ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgbọ̀n, ẹ fi ẹ̀kọ́ yín ṣírò ẹ̀. Ní ọdún kejì, mo gbọ́n, àbí kí n sọ pé mo ya olè. Mo ń rọ omi ẹ̀rọ sínú ìgò, mo so okùn olókókó mọ́ ọn, mo wá ń fi ìgò òfìfo gbá tìmùtìmù kí àbúrò mi lẹ́yìn pákó lè máa gbọ́ pó, pó, pó. Àwọn èèyàn mu omi ẹ̀rọ yẹn, ara wọn yá, wọ́n padà wá dúpẹ́. Ọpẹ́ wọn ń bí mi nínú. Mo rí wọn bí òmùgọ̀. Ẹ wò ó, ẹni tó ń tan èèyàn jẹ ló tún ń bínú pé wọ́n gbà á gbọ́. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Aránṣọ wá. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ọmọ méjì, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lódìkejì títì gan-an, bó bá ń tẹ ẹ̀rọ à ń gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan ni lọ́rí tí bíréèkì rẹ̀ já ya wọ iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Kò fara pa, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà bí ilẹ̀kùn bá gbá, á fò sókè bí ẹni tí iná mú. Baba Onígò ní irú ìjayà bẹ́ẹ̀ gan-an ni Onífìlà wà fún. Ẹnu obìnrin yìí mú bíi sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lawọ́. Òun ló fi àjákù aṣọ rán bùbá kékeré fún bèbí onírọ́bà ọmọ mi, láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ó mu ìgò kan, ó mu méjì. Ní ìgbà kẹta ó gbé ìgò òfìfo kalẹ̀ lójú gbogbo àwọn tó ń dúró de Baba.

"Awagbòǹgbò," ó ní, orúkọ tí wọ́n ń pè mí níbẹ̀ nìyẹn, "àyà mi ṣì ń lù kì kì kì o. Àbí ó ti ń rẹ̀ ẹ́ ni? Tó bá jẹ́ omi ni mo fẹ́ mu, ẹ̀rọ wà lẹ́yìnkùlé mi, òun ò tiẹ̀ ń lẹ lẹ́bẹ́ẹ̀lì." Mo ní, "Oògùn kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kó sáré." Ó ní, "Ẹ̀rọ mi sàn jù ẹ́ lọ. Òun ń lù, ó ń rán. Ìwọ ń lù látàárọ̀, kí lo rán?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyẹn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín tó dùn mí ni èyí tó ti ẹ̀yìn pákó wá. Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín. Ó yọjú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a gbá tọ̀tẹ̀ yìí dáadáa. Ẹ máa kà á sókè kí n lè máa bá yín ṣọ́ ọ." Baba Onígò sì ké láti yàrá inú, "Ṣe bí àbúrò rẹ ṣe wí!" Ṣe bí àbúrò rẹ ṣe wí. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn.

Mi ò gbá nǹkan kan. Akọ̀wé ti lẹ lẹ́bẹ́ẹ̀lì mọ́ ìgò tuntun náà, yíǹkì rẹ̀ ò tíì gbẹ. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo bu Ìyá sínú rẹ̀. Iye tí mo bù, mi ò ní kọ ọ́ síbí, kì í ṣe ìwé ìdáná nìyí. Mo ní, ẹ ní ẹ fẹ́ agbára, ẹ gba agbára. Ohun tí mo ti ń sọ fún ara mi láti ọjọ́ yẹn ni pé mo kàn fẹ́ kí ahọ́n Aránṣọ kú tipiri fún ọjọ́ kan péré, kó lè dákẹ́ ẹ̀fẹ̀. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù: nígbà tí mo ń de ìgò náà, mo wo ìkọ̀wé àbúrò mi lára rẹ̀, ìkọ̀wé rẹ̀ tó rí gbọnrangandan bíi ti ọmọ tí wọ́n rán nílé-ìwé, inú mi sì dùn. Mo mọ ohun tí ìdùnnú náà ń wí. Ó ń wí pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ọwọ́ ẹni tó mọ̀wé ló wà níta. Mo so okùn olókókó ńlá mẹ́ta mọ́ ọn lọ́rùn. Akọ̀wé ní láti ẹ̀yìn pákó, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò gbọ́ kí ẹ gbá a o." Mo jágbe mọ́ ọn, "Ṣé etí ẹ lo fẹ́ máa fi bá mi ṣiṣẹ́ ni? Gbé e fún un!" Ó gbé e fún un. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé e fún un.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí Aránṣọ tún sọdá títì wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Awagbòǹgbò, mo túúbá o! Tòní ń ṣiṣẹ́! Ètè mi ń ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn lórí ẹ̀." Ẹ̀yin ọmọ mi, ó wá yìn mí ni. Mo mọ èèrà yẹn. Kò sí ẹni tó mọ èèrà yẹn jù mí lọ. Ọsibítù ò jìnnà, ẹni tó bá yára rìn á ti débẹ̀ kí omi tó hó lórí iná. Mo lè pariwo. Mo lè sọ pé, má padà sí ṣọ́ọ̀bù, jẹ́ ká sáré. Mo wo ojú Akọ̀wé tó ti yọ jáde, mo wo ojú Baba Onígò, ojú tì mí láti sọ ohun tí mo ṣe, mo sì rẹ́rìn-ín padà. Mo ní, "Ṣé o wá rí i? Lọ rán aṣọ rẹ." Ó sọdá padà. A gbọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà a ò gbọ́ ọ mọ́. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó ti tutù, aṣọ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó ti rán apá kan mọ́ ọn, kò tíì rán apá kejì.

Ọlọ́pàá dé. Kí wọ́n tó wọlé, mo ti sáré rọ omi sí Ìyá kó lè dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀, mo sì ti fọ ìbọ̀wọ́. Wọ́n ní ta ló kọ èyí sára ìgò? Akọ̀wé ní, "Èmi ni." Wọ́n ní ta ló pò ó? Ó yí ojú sí mi. Kò nàka sí mi. Ó kàn wò mí, ó ń dúró dè mí, bí ìgbà tó máa ń dúró ti lẹ́tà rẹ̀ lára ògiri. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o mọ̀wé?" Mo ní, "Mi ò mọ̀wé, sà." Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, òun náà ló sì burú ju gbogbo irọ́ lọ. Baba Onígò gba ibẹ̀ wọlé kíá, torí kò fẹ́ kí wọ́n bi í léèrè ìdí tí májèlé fi ń gbé yàrá kan náà pẹ̀lú oògùn. Ó ní ó dájú pé ẹni tó ń lẹ lẹ́bẹ́ẹ̀lì ló ṣi ìgò, pé obìnrin tí kò mọ̀wé yìí ò lè ṣe ju ohun tí wọ́n bá kọ lọ. Baba burúkú. Ṣùgbọ́n kí ni mo ń bú u fún, ṣé òun ló ni kọ́kọ́rọ́ ọrùn mi? Wọ́n máa ń ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Irọ́ ni. Ìka tó mọ̀wé ni wọ́n gé. Ọdún mẹ́rin ni Akọ̀wé fi ṣẹ̀wọ̀n. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ ò dúró. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ̀ láti kọ́ ìwé, títí di ìgbà tí nọ́ọ̀sì kọ́ mi, torí ẹni tó bá mọ̀wé, wọ́n lè bi í ní nǹkan.

Mo sọ fún yín pé pípa kọ́ ló burú jù. Ó dé ibẹ̀ wàyí. Nígbà tí àbúrò mi jáde lẹ́wọ̀n, ilé yìí ló wá. Ó ti gbẹ, irun rẹ̀ ti ń funfun níwájú. Àwọn aládùúgbò kún pálọ̀, gbogbo wọn ń wò wá. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, sáré wọlé láti ibi eré, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Akọ̀wé dìde, ó bu omi sínú ife, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ náà, ó ní, "Gbà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi." Mo fò dìde. Mo gbá ife náà dànù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pariwo pé, "Má mu ún! Má gba omi lọ́wọ́ ẹ̀ láéláé!" Ẹ̀rù kọ́ ló bà mí o. Mo mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ láyé pé kò sí nǹkan kan nínú omi yẹn. Mo ṣe é kí àwọn aládùúgbò lè rí i ni. Akọ̀wé mú àkísà, ó nu ilẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógójì báyìí, yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé, ife tánńganran rẹ̀ wà lọ́tọ̀ lórí ìṣó, kò sì sí ọmọ kan nínú ilé yìí tó ti gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ọmọ nọ́ọ̀sì wa, ọmọ ọdún márùn-ún, ń ṣeré lẹ́yìnkùlé, oòrùn ń pa á. Akọ̀wé na ife sí i. Ọmọ náà ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Mi ò gbà á, màmá àgbà kékeré. Wọ́n ní omi yín máa ń pani." Kò sọ ọ́ tìkàtìkà. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí ọmọdé bá ń ka ewì ilé-ìwé. Ọmọ yìí ò mọ Aránṣọ. Kò mọ Onífìlà. Ìyá rẹ̀ tó sọ fún un ò mọ̀ wọ́n. Èmi ni mo bù ú fún àwọn ọmọ mi, àwọn ọmọ mi bù ú fún ọmọ wọn, ọmọ wọn bù ú fún èyí, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ń gbá a mọ́ Akọ̀wé lára, pó, pó, pó, lójoojúmọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ti tán nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ ò sí. Bó ṣe ń kéré sí i ni agbára rẹ̀ ń le sí i. Mo fi Baba Onígò ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní wèrè ni. Kò ya wèrè. Ọ̀rọ̀ irọ́ mi ló ń sọ.

Nítorí náà, nọ́ọ̀sì, ìwọ ni kó o ka ìwé yìí sókè ní pálọ̀, kí gbogbo ilé pé, kí Akọ̀wé jókòó sórí àga mi. Kí wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ Aránṣọ méjèèjì, kí wọ́n gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì fi mí ṣe ohun tó bá wù wọ́n, mi ò ní fi àìsàn bojú. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún mi, kó pa ẹnu ẹ̀ mọ́. Akọ̀wé, àbúrò mi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì ọdún mọ́kànlélógójì, ìwé tí mo kọ́ ò tíì débẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ kọ nìyí: o mọ̀ pé o ò gbọ́ kí n gbá a, o ò sì sọ fún ọlọ́pàá. Èmi gbọ́ ìdákẹ́ rẹ lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi àìmọ̀wé, àìlera tàbí ọjọ́ orí ṣe ibi ìsápamọ́sí. Bí ẹ bá ṣe ibi, ẹ sọ ọ́ nígbà tí èèrà ṣì ń rìn lórí ètè, nígbà tí ọsibítù ṣì wà nítòsí. Bí ẹ bá ti ka ìwé yìí tán, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ẹ mú ife tánńganran yẹn kúrò lórí ìṣó. Kí Akọ̀wé bu omi sínú rẹ̀, kí ọmọ ọdún márùn-ún yẹn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó mu ún lójú gbogbo yín. Bí ẹ̀kán kan bá ṣẹ́ kù nínú ife, tí Akọ̀wé bá ní kí wọ́n gbé e wá fún mi, màá mu ún. Bó bá ní kí wọ́n dà á nù, ẹ dà á nù lójú mi.